Láìfù Jákẹ́ẹ̀tì Méjìlá Tí Iredélé Tà Láìfojú Rí

Bí èèyàn bá gba iwájú ilé Iredélé kọjá ní Natako, ní Lọ́kọ́ja, láàárọ̀, yóò rò pé obìnrin tí kò rí iṣẹ́ ṣe ni. Á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, fóònù méjì lórí itan, ife tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín sí fóònù bí ẹni tó ń bá ọmọ ọwọ́ ṣeré. Àmọ́ kí oòrùn tó dé àtàrí, obìnrin yìí á ti ta ìkòkò oníná mẹ́ta, fáànù tó ń lo oòrùn kan àti bàtà òjò márùn-ún fún àwọn tí kò mọ ojú rẹ̀. Ọwọ́ ọkùnrin kan tí òun náà kò mọ ojú rẹ̀ ni ọjà náà sì ti ń wá. Kò sí páálí kan ṣoṣo nínú ilé rẹ̀. Eku tó bá wọ ibẹ̀ láti wá ọjà jẹ, ebi ni yóò fi jáde.

Bí òwò náà ṣe ń lọ kò le. Christopher wà ní Èkó, ó ní ilé ìkẹ́rùsí tó kún dé àjà. Iredélé á gba àwòrán ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e sójú Wásáàpù, á bu èrè tirẹ̀ lé iye rẹ̀. Bí oníbàárà bá sanwó, Iredélé á yọ èrè, á fi ìyókù ránṣẹ́ sí Christopher pẹ̀lú àdírẹ́sì, Christopher á sì di ẹrù ránṣẹ́ tààrà sí ẹni tó rà á. Àwọn tó mọ̀wé ń pè é ní dírọ́ọ̀pù-ṣípìn. Ìyá Iredélé ní Jákùrà ń pè é ní òwò afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n òun náà kì í kọ ẹran tí owó afẹ́fẹ́ bá rà wálé.

Kí ó tó di ọlọ́jà, ọdún mẹ́sàn-án ló fi jẹ́ akọ̀wé onítáípù ní ọ́fíìsì kan nínú ìlú, láìsí ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ó tẹ ìwé ìgbanisíṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó tẹ ti ìgbéga, ó tẹ ti ìfẹ̀yìntì, tirẹ̀ ni kò dé orí ẹ̀rọ rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí ó tẹ lẹ́tà tí wọ́n fi dá òun fúnra rẹ̀ dúró, ó tẹ̀ ẹ́ láìsí àṣìṣe kan, ó gbé e fún ọ̀gá kó buwọ́ lù ú, ó sì lọ sílé.

Ohun tó wá sọ ọ́ di olówó kékeré kì í ṣe ọjà, nítorí gbogbo ayé ló lè ta ọjà Christopher. Àdírẹ́sì ni. Ilé tí kò ní nọ́ńbà pọ̀ ní Lọ́kọ́ja ju èyí tó ní lọ. Ọjà àwọn yòókù á ti Èkó dé, ráídà, ọlọ́kadà tó ń gbé ọjà dé ilé, á yí ìlú ká títí epo á fi tán, ọjà á sì padà síbi tó ti wá. Ti Iredélé kì í padà. Bó bá kọ àdírẹ́sì, á kọ ọ́ bí ẹni tó di ọ̀nà mú lọ́wọ́. Á ní kí ráídà bọ́ sílẹ̀ ní Paparanda, kó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kó lọ títí yóò fi gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó má yà sí ti àkọ́kọ́ torí onítibẹ̀ máa ń bú èèyàn. Wọ́n ní ráídà kan ka ọ̀kan tán, ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó sunkún, nítorí ó rán an létí ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀.

Àléébù kan ló wà lára òwò náà, Iredélé ló sì dá a sílẹ̀. Nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀, ó gba àwòrán ilé ìkẹ́rùsí Christopher, ó fi í sí iwájú ojú ìwé rẹ̀. Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ṣọ́ọ̀bù òun nìyí. Kò sì kọ ọ́ pé kì í ṣe òun. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wo páálí tó tò dé òrùlé, wọ́n ní Iredélé ti Natako ní ọjà bí ilẹ̀ ṣe ní erùpẹ̀, òun náà sì dákẹ́.

Oṣù Ọ̀wàrà ni ọ̀rọ̀ náà fi dé. Lọ́dún yẹn, Odò Ọya ò wá bí omi, ó wá bí àna tó fẹ́ wá gbé. Láti ọjọ́ Àìkú ló ti ń gun Kabawa, ẹsẹ̀ bàtà kan lónìí, méjì lọ́la. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oníbàárà kan tó ń jẹ́ Jàmíátù pe Iredélé. Obìnrin ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni, ó ń ta ẹja gbígbẹ ní Kabawa, ó sì ní ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì kan tí Sámúẹ́lì ń wà fún un. Ó ní òun fẹ́ láìfù jákẹ́ẹ̀tì méjìlá, ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó lójú omi, kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ìyá òun ń gbé ní abúlé kan ní erékùṣù àárín odò, omi ti ń wọ ilé lọ́hùn-ún, èèyàn méjìlá ló ṣẹ́ kù níbẹ̀, gbogbo wọn obìnrin àti ọmọdé, ìyá òun sì jẹ́ ọ̀kan.

Kò sí bí wọ́n ṣe lè lọ kó wọn láìsí jákẹ́ẹ̀tì. Alfred tó jẹ́ olórí èbúté ti ṣiṣẹ́ ogún ọdún nínú ọkọ̀ ojú omi, lọ́dún tó kọjá ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa òkú mẹ́ta jáde nínú odò. Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ kankan kì í kúrò ní èbúté rẹ̀ àfi bí orí tí yóò wọ̀ ọ́ bá ní jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Bí ọba bá dé láìní tirẹ̀, Alfred á ní kí Kábíyèsí fẹsẹ̀ rìn lójú omi. Ó sì ń wo jákẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ra ẹran ọdún. Kò sí èyí tí wọ́n lè yá, torí gbogbo ọlọ́kọ̀ tó ní ló wà lójú omi tí wọ́n ń kó èèyàn tiwọn.

Iredélé gba owó, ó fi ránṣẹ́ sí Christopher, ó sì jókòó kọ àdírẹ́sì tó dùn jù nínú gbogbo èyí tó ti ń kọ:

“Tí ọ̀nà ọ̀dà bá parí ní Kabawa, bọ́ sílẹ̀. Má bèèrè Jàmíátù, Jàmíátù pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn. Tẹ̀ lé òórùn ẹja yíyan títí wàá fi rí ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó dojú dé, tí wọ́n ti kùn ní pupa nígbà kan. Ilé tó wà lápá òsì rẹ̀, tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, ibẹ̀ ni.”

Ọdún mẹ́tàlá ni ọkọ̀ náà ti wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin ń sá ẹja lé e lẹ́yìn, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ń hu irùngbọ̀n. Iredélé tún un kà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ránṣẹ́.

Ní aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Jàmíátù pè é.

“Iredélé, jákẹ́ẹ̀tì mi dà?”

Iredélé yọ̀ nínú ara rẹ̀, torí láti aago mọ́kànlá ni ìròyìn ti dé sórí fóònù kejì pé ọjà ti dọ́wọ́ oníbàárà, pẹ̀lú àwòrán. Ó sọ bẹ́ẹ̀. Jàmíátù bi í pé ọwọ́ ta ni? Ó ní ẹnu ọ̀nà òun ti wà lábẹ́ omi láti àná, òun ò kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀, kò sí alààyè tó gbé nǹkan kan wá.

“Àlájà, bóyá ẹlòmíràn ló bá yín gbà á.”

“Gbọ́ mi. Ìyá mi wà lórí tábìlì. Ó jókòó sórí tábìlì, omi wà lábẹ́ tábìlì. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò lè gun orí ohun tó ga ju ìyẹn lọ.” Ó mí kanlẹ̀. “Èyí tó sọnù ò kàn mí báyìí, a máa jà á lọ́la. Wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ, kó méjìlá mìíràn, gun ọ̀kadà. Natako kì í ṣe Mẹ́kà. Alfred ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ni òpin, tó bá kọjá ìyẹn, ilẹ̀ á ṣú bá wọn lójú omi.”

“Mò ń bọ̀, mà.”

Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́. Ojú rẹ̀ ń wo yàrá: bẹ́ẹ̀dì kan, àga méjì, àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀, ìgbálẹ̀. Bí wọ́n bá gbọn ilé náà láti orí dé ìdí, kò sí ohun tó lè jábọ́ níbẹ̀ tó máa gbé ọmọ ológbò kan dúró lójú omi.

Ó la àwòrán náà. Ọkọ̀ pupa rèé, ó dojú dé. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé rèé. Ọwọ́ obìnrin kan tó lé làálì ń gba páálí. Gbogbo rẹ̀ pé pérépéré bó ṣe kọ ọ́. Ó ti fẹ́ pe Jàmíátù padà kó ní ẹ wo ara yín dáadáa, kó tó rí ilẹ̀. Ilẹ̀ tí páálí wà lórí rẹ̀ gbẹ. Eruku ló wà níbẹ̀, adìyẹ kan sì ń ta á. Jàmíátù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ẹnu ọ̀nà òun ti di odò láti àná.

Ó pe ráídà.

Àgbàlagbà ni ráídà náà, ará Ìsánlú, tó ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ tíṣà kó tó gun ọ̀kadà. Bàbá Ìbùkún ni wọ́n ń pè é. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó dé Lọ́kọ́ja. Kò lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó dé Natako, ó sì dé pẹ̀lú àdírẹ́sì lọ́wọ́ bí ìwé ẹ̀rí ní kóòtù.

“Màdáámù, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Mo tẹ̀ lé òórùn, mo rí ọkọ̀, mo rí ilẹ̀kùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà. N kì í ka ìwé lódì.”

“Bàbá, ẹ ò kà á lódì. Ṣé ilẹ̀ gbẹ níbẹ̀?”

“Ó gbẹ.”

“Ṣé ẹ rí omi nítòsí?”

“Omi wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ ò kọ omi sínú rẹ̀.”

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yé e, ó sì dà bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lọ́rùn. Ọmọ odò ni, láàárín odò méjì ló ti dàgbà, ó tún wá fi ọkọ̀ ojú omi ṣe àmì ilé ní oṣù tí omi ń gòkè. Kí ni ọkọ̀ máa ń ṣe bí omi bá dé abẹ́ rẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́ta ní Kabawa mọ ìdáhùn. Ọkọ̀ ti ṣí, ó sì ti gbé àdírẹ́sì lọ.

Ó sọ fóònù sínú àpò, ó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà. Aago méjì ti lù.

Ọ̀nà Kabawa kún bí ọjọ́ ìbò. Àwọn tó ń sálọ ń gun òkè pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì lórí, ewúrẹ́ lọ́wọ́, ilẹ̀kùn tí wọ́n tú lára ògiri. Iredélé àti Bàbá Ìbùkún nìkan ló ń sọ̀kalẹ̀. Bàbá Ìbùkún ń fun fèrè, ó ń fi ìkíni ìlú rẹ̀ kí gbogbo ẹni tó bá dí i lọ́nà pé “Okun o, okun o,” bí ẹni tó ń lọ òde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ olómi, ó yà sí àdúgbò òkè, ó dúró.

Ọkọ̀ náà nìyí. Omi ló gbé e wá ní òru Ọjọ́rú mọ́jú àná, àwọn ará àdúgbò fà á sórí ilẹ̀, wọ́n sì yí i dojú dé kó má baà tún bá omi lọ. Àwọn obìnrin ti ń sá ẹja lé e lẹ́yìn. Èéfín ẹja gba gbogbo ojú ọ̀nà. Lápá òsì rẹ̀, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé.

Àmọ́ ohun tí Iredélé dúró wò kì í ṣe ilẹ̀kùn. Ọmọ kékeré kan ń sáré kọjá nínú láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó bò ó dé orúnkún. Obìnrin kan ń yan ẹja, ó jókòó sórí ọ̀kan. Bàbá arúgbó kan sùn lábẹ́ igi dóńgóyárò, ọ̀kan wà lọ́rùn rẹ̀, òmíràn lábẹ́ orí rẹ̀. Ní ìdí òpó, àgbò funfun kan wọ ọ̀kan, wọ́n dì í mọ́ ọn láyà dáadáa, àgbò náà sì ń fi ìrọ̀rùn jẹ bẹ́líìtì rẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni kó lọ bi wọ́n ní Kabawa. Àgbò yẹn gbayì ju àwọn olóyè kan lọ.

Onílé ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ni Nímátù, òun ló lé làálì. Kò sá, kò sì tijú. Ó ní ráídà dé, ó bèèrè bóyá ilé Jàmíátù nìyí, òun sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ìyàwó ọmọ òun ń jẹ́ Jàmíátù, ó wà nínú ilé pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ. Láti ọjọ́ Ajé ni mọ́tò ti ń kó ìrànwọ́ lọ fún àwọn àdúgbò yòókù, ìrẹsì lọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀dì lósì, ẹnikẹ́ni ò yà sọ́dọ̀ tiwọn. Bí òun ṣe tú páálí tí òun rí ohun tó wà nínú rẹ̀, òun mọ̀ pé ìjọba rántí àwọn. Òun sì pín in láìṣe ojúsàájú.

“Ẹni tó ń retí òjò kì í bi ìkùukùu léèrè orúkọ,” ló fi parí rẹ̀.

Iredélé ní kì í ṣe ìrànwọ́, ọjà ni, ó sì ní ẹni tó rà á. Kíá ni èrò ti pé. Ọkùnrin kan ní wọ́n ti tún dé, àwọn tó ń pín ìrànwọ́ láàárọ̀ tí wọ́n ń padà wá kó o lọ tà lọ́sàn-án. Ìyá ọmọ kékeré yẹn fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Iredélé sọ ti erékùṣù, ó sọ ti ìyá tó wà lórí tábìlì, ó sọ ti aago mẹ́rin ààbọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n kàn ò gbà á gbọ́ ni.

Nímátù gbé ọwọ́ sókè, ariwo rọlẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Bó bá jẹ́ tìrẹ, níbi tí o ti mú méjìlá, ìyókù á wà níbẹ̀. Lọ kó ìyẹn fún wọn, kí o fi èyí sílẹ̀ fún wa. Níbo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ wà?”

Iredélé wo aago. Mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Irọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sáré wá sí i lẹ́nu, gbogbo wọn sì dára: ó lè ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọkọ òun ní Kàbbà, ó lè ní omi ti wọ ibẹ̀. Bó bá sọ òótọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ gbogbo Lọ́kọ́ja á ti gbọ́ pé òfìfo ni ilé ìtajà Iredélé, òwò ọdún mẹ́rin á sì tẹ́ síbẹ̀. Ó tún rí tábìlì yẹn lójú ọkàn rẹ̀, àti omi.

Ó yọ fóònù, ó gbé e sókè.

“Ṣọ́ọ̀bù mi nìyí. N ò ní òmíràn. N ò ní páálí kan nílé. Ẹnìkan ní Èkó ló ni ọjà, èmi ni mo ń wá ẹni tó máa rà á. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ta ọjà, òní yìí ni mo kọ́kọ́ fojú rí ohun tí mo tà, ara àgbò ni mo sì ti rí i.”

Ẹ̀rín sọ, kì í ṣe ẹ̀rín ìfẹ́. Ẹnìkan ní olè tó jẹ́wọ́ ṣì jẹ́ olè.

Bàbá arúgbó abẹ́ igi ti jí. Bàbá Fàthíà ni wọ́n ń pè é, apẹja àtijọ́ ni, òun ló sì ń tún àwọ̀n ṣe fún gbogbo àdúgbò. Ó dìde jókòó nínú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní kí Iredélé tún un sọ. Ó tún un sọ.

“O gba owó ọjà tí kò sí lọ́wọ́ rẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

“Láti mú un wá láti ọwọ́ ẹni tí o ò rí rí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Bàbá yíjú sí àwọn obìnrin. “Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Nímátù, nígbà tí mo ń lọ sódò, ta ló ń fún mi lówó ẹja ní ìrọ̀lẹ́, kí n tó ju àwọ̀n ní àfẹ̀mọ́júmọ́? Níbo ni ẹja yẹn wà nígbà náà? Ṣé inú ilé mi ni? Odò ló wà, kò sì mọ̀ pé wọ́n ti rà á.” Ó pòṣé. “Iṣẹ́ wa lọmọ yìí ń ṣe. Àfi pé tirẹ̀ ò rùn.”

Ọ̀rọ̀ náà wọlé. Àwọn tó ti ń san owó ẹja inú odò láti ìgbà èwe wo ara wọn. Síbẹ̀, gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà. Nímátù ní ó dáa, àwọn gbà pé ọlọ́jà ni, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ bóyá èbúté ni yóò kó o lọ lóòótọ́? Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní bọ́ jákẹ́ẹ̀tì níhìn-ín. Kí oníkálùkù wọ tirẹ̀, kí gbogbo wọn lọ sí èbúté. Bí àwọn bá rí ọkọ̀, tí àwọn sì rí Jàmíátù kejì yẹn, àwọn á bọ́ ọ.

Báyìí ni Kabawa ṣe rí ohun tí kò rí rí. Àwọn èèyàn mọ́kànlá nínú láìfù jákẹ́ẹ̀tì olómi-ọsàn tò lẹ́sẹẹsẹ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, àgbò ló ṣe ìkejìlá, Bàbá Ìbùkún síwájú pẹ̀lú ọ̀kadà tó ń fun fèrè. Àwọn tó ń sálọ rí wọn, wọ́n ju ẹrù sílẹ̀, wọ́n ní ó ti parí, omi ti ń bọ̀ lókè nìyẹn. Iredélé ò rí ẹ̀rín kankan nínú rẹ̀. Ọmọ kékeré ń kọsẹ̀, Bàbá Fàthíà ń rìn bí ẹni tó ń ka ìgbésẹ̀, àgbò dúró láti jẹ ewé. Aago mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú. Ó gbé ọmọ náà pọ̀n. Ó di okùn àgbò mú, ó fà á.

Aago mẹ́rin ti kọjá díẹ̀ kí wọ́n tó dé èbúté. Sámúẹ́lì ti wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́rùn, ẹ́ńjìnnì ń kùn. Jàmíátù dúró sínú omi dé orúnkún, kò wẹ̀yìn títí Nímátù fi pè é.

“Ìwọ ni Jàmíátù? Gba ọjà rẹ. Oníṣọ́ọ̀bù rẹ ò ní ṣọ́ọ̀bù o, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wa.”

Jàmíátù wo Iredélé láti òkè dé ilẹ̀. Ó yíjú sí Alfred, ó ní kó kà á.

Alfred kà á. Ó na bẹ́líìtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tẹ fóòmù, ó ń gbé e sínú ọkọ̀. Ọ̀kan, méjì, mẹ́fà, mẹ́wàá, mọ́kànlá. Ó gbé ti àgbò, ó wo bẹ́líìtì tí àgbò ti jẹ dé ìdajì, ó fà á, ó já. Ó fi í sílẹ̀.

“Mọ́kànlá. Èèyàn mọ́kànlá ni wọn yóò kó.”

“Méjìlá ni wọ́n,” Jàmíátù wí.

“Mo gbọ́.”

“Alfred, ìyá mi ló máa ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. O mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ní kí àwọn ọmọ máa lọ.”

Ọkùnrin náà ò gbójú sókè. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, ó sì ní àwọn mẹ́ta tí òun fà jáde lọ́dún tó kọjá, òun mọ àwọn náà. Iredélé bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè orí rẹ̀ láti fi dì í. Alfred gbá a dànù, ó ní aṣọ máa ń yọ̀ nínú omi. Aago mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́tàlá.

Bàbá Fàthíà ti jókòó sórí iyanrìn. Ó na ọwọ́, wọ́n gbé jákẹ́ẹ̀tì náà fún un. Abẹ́rẹ́ àwọ̀n kì í kúrò ní àpò rẹ̀, bó bá sùn pàápàá, ó wà níbẹ̀. Ó fa okùn àwọ̀n, ó ṣe é ní ìlọ́po mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n nígbà tó bá di ife mú kò gbọ̀n rárá. Iredélé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ẹnu bẹ́líìtì méjèèjì pọ̀, abẹ́rẹ́ gún un níka lẹ́ẹ̀mejì, kò fà á. Odò ń fẹnu lá ẹsẹ̀ wọn. Ó ń wo fóònù, ó ń wo abẹ́rẹ́. Mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. Mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bàbá fi eyín gé okùn.

Alfred so bẹ́líìtì náà mọ́ òpó èbúté, ó di jákẹ́ẹ̀tì mú, ó sì fi gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Ọkùnrin tó sanra bí àpò gaàrí mẹ́ta ni. Okùn han, kò já. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbọn ọwọ́, ó sọ jákẹ́ẹ̀tì sínú ọkọ̀.

“Ẹ lọ.”

Kò sí ẹni tó padà sílé. Wọ́n jókòó sétí omi, àwọn tó ni jákẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ àti ẹni tó rà á, wọ́n ń wo ibi tí ọkọ̀ gbà lọ. Iredélé jókòó lọ́tọ̀. Jàmíátù ò wò ó. Omi gbé ilé adìyẹ kan kọjá, àkùkọ wà lórí rẹ̀. Oòrùn ń wálẹ̀. Nígbà tó ku bí ìbú ọwọ́ kan kó kan omi, Alfred dìde, ó rìn lọ sétí odò, ó dúró. Nígbà tó ku ìbú ìka méjì, Jàmíátù ti ń sọ nǹkan sábẹ́ ètè, Iredélé ò mọ̀ bóyá àdúrà ni tàbí èébú.

Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí àwọ̀ ọsàn. Alfred kà á láti ọ̀ọ́kán, ó kà á sókè, ó sì dúró nígbà tó dé mẹ́jọ, torí orí kan bo òmíràn. Ọkọ̀ yà díẹ̀. Mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá. Ìyá arúgbó kan wà ní ìdí ọkọ̀ pátápátá, ọmọ kan lórí itan rẹ̀, òun ni ìkejìlá, òun ló sì wọ èyí tí Bàbá Fàthíà rán.

Nígbà tí Jàmíátù ti gbé ìyá rẹ̀ jókòó, tó ti nu ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ti bú u nítorí kò tètè kúrò, ló tó wá sọ́dọ̀ Iredélé.

“Ìyẹn ni pé àwòrán yẹn, gbogbo páálí yẹn, kì í ṣe tìrẹ.”

“Kì í ṣe tèmi, mà. Ẹ forí jì mí.”

“Mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé mo ní ọ̀rẹ́ tó ní ilé ìkẹ́rùsí. O ti dójú tì mí. Yọ àwòrán yẹn kúrò lálẹ́ òní. Tí mo bá tún rí i lọ́la, ẹnu mi á dé Okene.”

“Mo gbọ́, mà.”

“Wàá gbé fóònù rẹ síbẹ̀ o. Òun ni ṣọ́ọ̀bù, àbí?”

Nímátù tó ń tẹ́tí wọlé sí ọ̀rọ̀ wọn. Ó ní jákẹ́ẹ̀tì ti di ti Jàmíátù, kò burú, ṣùgbọ́n àdúgbò àwọn ṣì wà níbẹ̀, omi sì ń bọ̀. Eélòó ni ẹyọ kan? Wọ́n bá a nájà bí ẹni tó ń ra aṣọ. Ó bú wọn, wọ́n bú u, wọ́n sì jọ fẹnu kò sí iye kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, mẹ́sàn-án ti sanwó. Ó yọ fóònù láti kọ̀wé sí Christopher. Ó kọ iye. Ó kọ àwọ̀. Ó dé orí àdírẹ́sì, ìka rẹ̀ dúró lójú afẹ́fẹ́.

Ó bi Bàbá Fàthíà pé kí ló wà ní àdúgbò wọn tí omi ò lè gbé, tí kò sì ní ṣí nípò títí ọjọ́ Ajé. Bàbá ronú. Ó ní igi dóńgóyárò ti fẹ́ wó. Ògiri mọ́ṣáláṣí ti sán. Ilẹ̀kùn, ẹni tó ń sálọ á tú u gbé.

“Ìjà èmi àti aládùúgbò mi,” ló wá wí. “Ọdún kejìdínlógún rèé tí a ò kí ara wa. Omi tó dé lọ́jọ́sí bá a níbẹ̀, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.”

Iredélé wò ó bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Ó tẹ̀ ẹ́ báyìí: “Bí o bá dé òkè Kabawa, bèèrè ilé àwọn bàbá méjì tí wọn kì í kí ara wọn. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Fún èyí tó ní abẹ́rẹ́ lápò.”